Òfin Ààbò àti Àṣà Jíju Fìlà Níbi Ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

1.0 Ìfáárà

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, Yunifásítì East Anglia tí ó wà ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpinnu kan tí ìròyìn rẹ̀ tàn káàkiri. Àwọn aláṣẹ yunifásítì náà pinnu pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè kò ní ju fìlà wọn sókè mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò àjùmọ̀yà ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé fìlà tí ó ń já bọ́ láti òkè ti ṣe àwọn kan léṣe ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ó ju nǹkan, kí ayàwòrán sì fi kọ̀ǹpútà fi àwòrán fìlà sí òkè orí wọn lẹ́yìn náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ. Ìbéèrè kan wà ní ìdí rẹ̀ tí ó kan gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga: nígbà tí àṣà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn bá ní ewu díẹ̀ nínú, ta ni yóò wọn ọ̀kan mọ́ èkejì, irú ìwọ̀n wo ni yóò sì lò? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pín sí mẹ́ta. Èkíní ni pé òfin ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pàṣẹ irú ìpinnu yìí. Èkejì ni pé òfin náà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a gbé ewu àti ohun tí ìdènà rẹ̀ yóò náni sórí ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀kẹta ni pé nígbà tí a bá fi orúkọ ààbò bo ìpinnu tí a kò wọ̀n dáadáa, kì í ṣe àṣà nìkan ni ó ń pàdánù. Ààbò pàápàá ń pàdánù.

Kí àlàyé lè já gaara, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ewu ni ohunkóhun tí ó lè pa ènìyàn lára: ọ̀bẹ, iná, omi, tàbí igun fìlà. Ìwọ̀n ewu ni bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ìpalára náà ṣẹlẹ̀, àti bí yóò ti burú tó bí ó bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀bẹ wà ní gbogbo ilé ìdáná, ewu sì ni. Síbẹ̀ kò sí baálé kan tí ó fi òfin de ọ̀bẹ nínú ilé rẹ̀. Ìwọ̀n ewu rẹ̀ ni wọ́n ń mójú tó: wọ́n ń gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ tí ó ti dàgbà bí a ti ń lò ó. Ẹni tí ó bá rí ewu tí kò wo ìwọ̀n rẹ̀ kò ní mọ ibi tí yóò ti dá òfin ṣíṣe dúró.

2.0 Ìpilẹ̀ṣẹ̀ àṣà jíju fìlà

Fìlà onígun mẹ́rin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè ń dé ti pẹ́ ju àṣà jíjù ú lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó mọ́ fìlà àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí pé ọwọ́ ìjọ ni àwọn yunifásítì àtijọ́ wà. Ní ti jíjù ú sókè, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ-ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Annapolis ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1912. Ṣáájú ọdún náà, àwọn tí ó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí yóò kọ́kọ́ lo ọdún díẹ̀ lórí omi kí wọ́n tó di ọ̀gá. Wọ́n ṣì nílò fìlà akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ní ọdún 1912, ọjọ́ tí wọ́n jáde gan-an ni wọ́n sọ wọ́n di ọ̀gá. Fìlà àtijọ́ kò wúlò fún wọn mọ́, wọ́n sì jù ú sí òfuurufú. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn dé àwọn yunifásítì ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè.

Ìyàtọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó yẹ ní àkíyèsí. Àwọn ọmọ Annapolis ju ohun tí ó jẹ́ tiwọn, tí wọn kò sì tún ní lò mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́gboyè kò ni fìlà tí wọ́n dé. Wọ́n fi owó yá a fún ọjọ́ kan ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò sì dá a padà fún ẹni tí ó yá wọn. Nítorí náà, ẹni mìíràn wà tí fìlà náà ká lára yàtọ̀ sí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún jẹ yọ níwájú.

Ọ̀nà kan náà ni aṣọ àti fìlà yìí gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì London ni ó wà, oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà títí di ọdún 1962 tí ó dá dúró. Fìlà náà bá ìtumọ̀ tí fìlà ti ní tẹ́lẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá pàdé. Lójú ẹni tí ó ń ṣí fìlà kí ó tó kí àgbà, fìlà kì í ṣe aṣọ lásán. Èyí ni ó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, ọmọ a máa bọ́ fìlà àti aṣọ náà, a sì wọ̀ ọ́ fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ láti ya fọ́tò. Lẹ́yìn èyí ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ju fìlà sókè. Ohun tí wọ́n bá ṣe ní Norwich nípa fìlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì pátápátá fún ẹni tí ó jáde ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀.

3.0 Ẹjọ́ àwọn aláṣẹ

Àgbà òṣìkà ni í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí ó ṣe ìpinnu náà, nítorí pé wọn kò sọ̀rọ̀ láìnídìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, pátákó líle ni ó wà nínú aṣọ tí wọ́n fi bo orí fìlà náà, igun mẹ́rin ni ó sì ní. Bí igun náà bá bá ènìyàn lójú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lẹ́ẹ̀kejì, fọ́tò àjùmọ̀yà ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún pọ̀ sí ojú kan, kí wọ́n sì ju fìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ayàwòrán ni gbogbo wọn ń wò, kì í ṣe fìlà tí ó ń bọ̀ láti òkè. Lẹ́ẹ̀kẹta, yunifásítì ni ó ṣètò fọ́tò náà, kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dédé jù ú ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá pe ènìyàn jọ láti ṣe nǹkan ní ojúṣe lórí wọn ju ẹni tí ó kàn ń wò wọ́n lọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn kan ti fara pa lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ti sọ. Wọ́n ní ewu náà kọjá ohun tí àwọn lè gbà, àwọn kò sì fẹ́ kí ìpalára tí ó ṣeé yẹra fún ba ọjọ́ ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àròsọ ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àbùkù wọn wà ní ibòmíràn: gbogbo wọn dá lé ewu nìkan. Bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ewu náà ṣẹlẹ̀ kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí yóò sọnù bí àṣà náà bá dúró kò sí níbẹ̀. Apá kan ìwọ̀n ni wọ́n gbé nǹkan sí. Apá kejì ṣófo. Ìwọ̀n tí a bá gbé nǹkan sí apá kan rẹ̀ ṣoṣo yóò tẹ̀ sí apá náà, ìbáà ṣe ìyẹ́ adìẹ ni a gbé síbẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú òfin yìí wáyé. Ṣáájú ọdún 2016 ni HSE, àjọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń mójú tó ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ti ka ọ̀rọ̀ fìlà jíjù mọ́ àwọn àhesọ tí ó ń tako. Ohun tí àjọ náà sọ ni pé ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí fìlà tí ń fò ṣe ènìyàn léṣe. Ó tún fi kún un pé bí ó bá jẹ́ pé kí fìlà tí wọ́n fi owó yá padà sílé láìbàjẹ́ ni ó ń dun àwọn tí ó ṣe irú òfin yìí, kí wọ́n má ṣe di ẹ̀bi ru ìlera àti ààbò. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí pé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dènà ìpalára ni ó sọ ọ́, kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí inú ń bí.

4.0 Ohun tí òfin wí

Òfin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni Òfin Ìlera àti Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́ ti ọdún 1974. Ìgbìmọ̀ tí Lord Robens jẹ́ alága rẹ̀ ni ó fi ìjábọ̀ rẹ̀ la ọ̀nà fún un ní ọdún 1972. Ní ọdún 1975 ni HSE bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin yìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ní ọdún 1974, òṣìṣẹ́ tí a gbà síṣẹ́ tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ 651. Ní àwọn ọdún tí ó sún mọ́ wa, gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó ń kú bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan kì í tó 150. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ibi ìwakùsà èédú tí ó ti pa dé wà lára ohun tí ó fa ìyípadà yìí, ṣùgbọ́n ipa òfin náà kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi gbogbo òfin ààbò ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Gbólóhùn kan wà tí ó jẹ́ òpómúléró òfin náà: ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni láti dáàbò bo ènìyàn níwọ̀n bí ó bá ti bọ́gbọ́n mu tí ó sì ṣeé ṣe. Kò sọ pé kí ewu má ṣe sí rárá. Ìtumọ̀ gbólóhùn yìí ti wà nílẹ̀ kí òfin 1974 tó dé. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ọdún 1949 láàrin Edwards àti àjọ ìjọba tí ó ń wa èédú ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Apá kan ọ̀nà inú ibi ìwakùsà ni ó wó pa òṣìṣẹ́ kan. Adájọ́ Asquith ṣàlàyé pé kí a gbé ìwọ̀n ewu sí apá kan, kí a sì gbé owó, àkókò àti wàhálà tí ìdènà rẹ̀ yóò gbà sí apá kejì. Bí ti èkejì bá tẹ̀wọ̀n ju ti èkíní lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé ara, a jẹ́ pé òfin kò béèrè fún ìdènà náà. Ilé-ẹjọ́ dá àjọ náà lẹ́bi nínú ẹjọ́ yìí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà lórí ìwọ̀n, àjọ náà kò sì fi hàn pé iye tí ìdènà náà yóò náni ju ewu náà lọ. Èyí fi hàn pé ìwọ̀n kì í ṣe ohun tí ó ń gbè sẹ́yìn aláìbìkítà. Ohun tí ó wúwo ni í tẹ̀wọ̀n.

Ẹjọ́ mìíràn tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni èyí tí House of Lords, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà, dá ní ọdún 2003. Ìgbìmọ̀ ìlú Congleton ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ní ọdún 1995, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan bẹ́ sínú adágún odò kan tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìgbìmọ̀ náà. Ibi tí ó bẹ́ sí kò jìn. Ó fi orí sọ ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, kò sì lè rìn mọ́. Àmì tí ó ka lílúwẹ̀ẹ́ léèwọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà sì ti ń gbèrò láti gbin nǹkan bo etí odò oníyanrìn náà kí ẹnikẹ́ni má bàa lè débẹ̀ mọ́. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ìgbìmọ̀ náà jẹ̀bi, ṣùgbọ́n House of Lords yí ìdájọ́ náà padà. Àlàyé wọn ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ni ó ń gbádùn etí odò yẹn láìsí ewu. Kò tọ́ kí a gba ìgbádùn wọn lọ́wọ́ wọn nítorí ìwọ̀nba àwọn tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ara wọn wewu. Àánú ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ṣàì ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbé apá kejì ìwọ̀n yẹ̀ wò.

Ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin sọ èrò yìí di òfin. Òfin Owó Gbà-má-bínú ti ọdún náà sọ pé nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá ń gbèrò bóyá ẹnì kan kùnà nínú ojúṣe rẹ̀, ó lè wò ó bóyá ìgbésẹ̀ tí wọ́n ní ì bá ti gbé yóò dí iṣẹ́ tàbí eré tí ó dára lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ọdún 2016 tó dé, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi àyè sílẹ̀ gbangba fún ohun bí fìlà jíjù.

5.0 Ibi tí àṣejù ti ń wá

Bí òfin kò bá pàṣẹ rẹ̀, kí ni ó ń mú kí àwọn aláṣẹ ṣe é? Ìjábọ̀ méjì ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Lord Young gbé ti rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ará ìlú ń pe ara wọn lẹ́jọ́ fún owó lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n pé ìbẹ̀rù ẹjọ́ náà ju ẹjọ́ gan-an lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ragnar Löfstedt ti King's College London tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Ó ní kò sí ìdí láti yí òfin náà padà pátápátá. Bí àwọn ènìyàn ti ń túmọ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì ń lò ó ni ìṣòro. Ní ọdún 2012, HSE gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí ará ìlú lè mú ẹjọ́ wá bá, bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ ìlera àti ààbò dí wọn lọ́wọ́ láìnídìí.

Ìdí mẹ́ta ni ó hàn nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Èkíní ni ìbẹ̀rù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti gba ìwé agbẹjọ́rò lẹ́ẹ̀kan, tàbí tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀bi kò pín dọ́gba. Bí aláṣẹ kan bá gba àṣà láàyè, tí ẹnì kan sì fara pa, orúkọ aláṣẹ náà ni wọn yóò pè. Bí ó bá fòfin dè é, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù ayọ̀ ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀. Àdánù tí ó bá pín sí ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kì í ní olùfisùn. Èyí ni ó fi jẹ́ pé aláṣẹ tí kì í ṣe ènìyàn burúkú lè máa ṣe òfin tí kò dára láti ọdún dé ọdún.

Ìdí kẹta ni ìrọ̀rùn. Orúkọ ààbò a máa pa ẹnu mọ́. Bí aláṣẹ bá sọ pé kí fìlà tí wọ́n yá má bàjẹ́ ni òun ṣe ṣòfin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn pé àwọn yóò san owó rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ètò ọjọ́ náà ti pẹ́ jù, wọ́n lè dáhùn pé kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé nítorí ààbò ni, kò sí èsì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀tá ààbò. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fèsì sí máa ń wu ẹni tí ó ní àṣẹ lọ́wọ́.

6.0 Níbi tí ewu ti wúwo lóòótọ́

Àṣìṣe ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ti ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí rò pé kò sí àṣà yunifásítì tí ó yẹ ní dídá dúró. Àpẹẹrẹ méjì yóò fi èyí hàn.

Ní Yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to igi gẹdú jọ lọ́dọọdún bí ilé gogoro, wọn a sì dáná sun ún ṣáájú ìdíje bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1999, òkìtì igi náà wó nígbà tí wọ́n ṣì ń tò ó. Ènìyàn 12 kú, 27 sì fara pa. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé ìtòjọ igi náà kò lágbára tó, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò ti sí ẹni tí ó bójú tó o gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Níhìn-ín, àṣejù kọ́ ni ó pa ènìyàn. Àìtó òfin ni. Yunifásítì dá iná náà dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún bẹ̀rẹ̀ ti wọn ní ìta ọgbà. Èyí náà jẹ́ ẹ̀kọ́: àṣà tí wọ́n bá lé kúrò nínú ọgbà kì í kú ní gbogbo ìgbà, ó lè ṣí lọ sí ibi tí ojú aláṣẹ kò tó.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Oxford. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, àwọn ènìyàn máa ń pé jọ sí ibi afárá Magdalen láti gbọ́ orin láti orí ilé-ìṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a sì máa bẹ́ láti orí afárá sínú odò. Ní ọdún 2005, omi náà kò jìn tó mítà kan, síbẹ̀ wọ́n bẹ́. Ọ̀pọ̀ fara pa, wọ́n sì gbé àwọn kan lọ sí ilé-ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ti afárá náà pa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní ọdún mélòó kan. Orin kò dúró, ìpéjọ kò dúró. Bíbẹ́ nìkan ni wọ́n dí lọ́wọ́. Òfin tí ó mọ ibi tí ewu wà ni ìyẹn.

Bí a bá fi fìlà wé igi gẹdú àti afárá, ìyàtọ̀ wọn hàn. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́: ààbò. Ibí ni ewu àṣejù wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti sọ fún pé fìlà lè pa á lára, tí ó sì ti rẹ́rìn-ín sí i, ni wọn yóò sọ fún lọ́jọ́ kejì pé kí ó má bẹ́ láti orí afárá. Bí ó bá rẹ́rìn-ín sí èyí náà ńkọ́? Ọlá ààbò kì í ṣe ohun tí kò lè tán. Bí wọ́n bá ná an sórí fìlà, kò ní kù tó nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

7.0 Ohun tí àṣà náà ń ṣe

Apá kejì ìwọ̀n kò gbọdọ̀ ṣófo. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí jíju fìlà ń ṣe fún àwọn tí ó ń jù ú.

Ní gbogbo ètò ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ṣe nǹkan sí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dìde. Wọ́n na ọwọ́ sí i, ó bọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí ó jókòó, ó jókòó. Nínú fìlà jíjù nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun kan, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé wọ́n to ara wọn ní ipò. Ẹni tí ó gba ipò kìíní àti ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yege, ibì kan náà ni fìlà wọn ń dé lókè. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó kẹ́yìn tí wọn yóò ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́.

Ní ti fọ́tò, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ẹ̀rí. Ó ń sọ pé ọjọ́ kan wà tí nǹkan rí báyìí. Fọ́tò tí ọwọ́ wà lókè tí kọ̀ǹpútà sì fi fìlà kún un jẹ́ ẹ̀rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ojú gbogbo ènìyàn yóò sì hàn dáadáa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbé e kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ gbé àwòrán fìlà tí ọmọ rẹ̀ kò jù kọ́. Ó ṣe ni láàánú pé ibi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti má ṣe fi irọ́ kún iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sìn wọ́n jáde.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Láti inú gbogbo ohun tí a ti yẹ̀ wò, ìbéèrè mẹ́rin jáde tí ilé-ẹ̀kọ́ lè bi ara rẹ̀ kí ó tó fòfin de àṣà kan. Báwo ni ewu náà ti wúwo tó, tí a bá ka iye àwọn tí ó fara pa mọ́ iye àwọn tí ó ti ṣe é láìfara pa? Kí ni yóò sọnù, lọ́wọ́ ta ni? Ǹjẹ́ àtúnṣe kékeré kan wà tí kò tó ìdènà? Ṣé ìdí tí a fẹ́ kéde ni ìdí gan-an?

Ní ti ìbéèrè kẹta, àtúnṣe kò wọ́n. Wọ́n lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà díẹ̀ sí ara wọn. Wọ́n lè pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké. Wọ́n lè sọ fún wọn kí wọ́n ju fìlà sókè tààrà, kí ó má gùn jù, kí wọ́n sì gbé ojú sókè títí yóò fi balẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni kí ayàwòrán ní kí wọ́n jù ú. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ jù ú lè dúró sí ẹ̀gbẹ́. Irú ọgbọ́n yìí ni ti atókùn tí ó dúró láàrin eégún àti àwọn òǹwòran; ó ń la àyè sílẹ̀, kò dá ọdún dúró. Bí ó bá sì jẹ́ pé fìlà tí wọ́n yá ni ó ń dun àwọn aláṣẹ, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì gba owó ìdúró lórí rẹ̀. Òtítọ́ yẹn kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú tó bí orúkọ ààbò tí wọ́n fi bò ó.

Àwọn tí ó ṣe ìpinnu ti ọdún 2016 rí orí fífọ́ kan tí ó jẹ́ òtítọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fara pa, ó sì yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òfin 1974, ẹjọ́ 1949, ẹjọ́ 2003 àti òfin 2006, ìwọ̀n ni gbogbo wọn fi lé aláṣẹ lọ́wọ́, kì í ṣe àdá. Yunifásítì tí ó bá lo ìwọ̀n náà tọkàntọkàn yóò dá iná Texas dúró kí ó tó wó, yóò ti afárá Oxford pa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí omi kò jìn, yóò sì jẹ́ kí fìlà fò.